Bí ẹ ṣe lè fi fóònù, àgbàdo àti omi inú ọ̀rá kọ́ ọmọ nípa jíìnì tó ya ọpọlọ wa sọ́tọ̀ lára ti ọ̀bọ

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń jókòó ti ọmọ yín nídìí ìwé, ohun tí iṣẹ́ yìí ń fẹ́ kò pọ̀: fóònù kan tó ní dátà, àgbàdo gbígbẹ kóńgò kan, omi inú ọ̀rá mẹ́ta, pépà, báírò pupa, àlùmọ́gàjí. Àwọn ọmọ SS2 àti SS3 tó ń wá gba lẹ́sìnnì lọ́dọ̀ mi ní Ìbarà, l'Abẹ́òkúta, ni mo ń ṣe é fún. Bàyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ wọn, Àǹtí Bàyọ́ ni wọ́n ń pè mí. Ẹfolúṣọ̀n, ìyẹn bí ẹ̀dá ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran, wà nínú síléébọ́ọ̀sì WAEC, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń kọ́ ọ ní ọ̀pọ̀ ibi, ọmọ á há orúkọ Darwin àti Lamarck sórí, á kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, á sì ti gbàgbé rẹ̀ kó tó délé. Orí tí ọmọ náà gbé wá sí kíláàsì ni kí ẹ bá wọlé. Ìyẹn kì í gbàgbé.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ pinnu ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kó mú lọ sílé. Tèmi rèé: kò sí jíìnì kankan, ìyẹn ìlànà tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, tó ń jẹ́ "jíìnì ọgbọ́n". Nínú ohun tó ya ọpọlọ wa sọ́tọ̀ lára ti ìnàkí, ọ̀rọ̀ ìgbà ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi: ìgbà wo ni jíìnì kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìgbà wo ló dáwọ́ dúró, ẹ̀ẹ̀melòó ni sẹ́ẹ̀lì (ẹyọ bíńtín tí a fi kọ́ ara) pín sí méjì kó tó di èyí tí kì í pín mọ́. Ohunkóhun tí ẹ bá ṣe lẹ́yìn èyí, ẹ máa dá a padà síbẹ̀.

Ẹ fi orúkọ bẹ̀rẹ̀

Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó: ọ̀bọ, ẹdun, ìnàkí, ìrò, ènìyàn. Ìnàkí tí mò ń wí ni ṣìmpáǹsíì, ìrò sì ni gọ̀rílà. Àwọn ará ibòmíràn máa ń pààrọ̀ wọn, nítorí náà ẹ fi àwòrán hàn wọ́n kí ẹnu yín lè kò. Ẹdun ni wọ́n máa ń tètè mọ̀, nítorí oríkì ìbejì. Bí Táyé tàbí Kẹ́hìndé kan bá wà nínú kíláàsì, ojú gbogbo wọn á ti yí sí i kí ẹ tó kọ ọ́ tán.

Ìbéèrè kan á jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "Àǹtí, ṣé ọ̀bọ ló bí wa ni?" Ẹ dáhùn tààrà pé rárá. Ọ̀bọ òde òní kò bí ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwa àti ìnàkí ní baba ńlá kan náà tó gbé ayé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún mẹ́fà sí méje sẹ́yìn, tí kì í ṣe ìnàkí, tí kì í sì í ṣe ènìyàn. Àwa àti àwọn ọ̀bọ onírù ti Áfíríkà àti Éṣíà ní láti padà sẹ́yìn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún 25 sí 30 kí a tó bá baba ńlá tiwa pàdé. Láti ìgbà náà, oníkálùkù ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ìnàkí náà kò sì dúró sójú kan. Ọmọ kan á ní pásítọ̀ òun tàbí àáfà òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi kì í bá a jiyàn. Mo máa ń sọ fún un pé èmi náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, pé kó wá bá mi ka lẹ́tà tó wà nínú DNA, ohun bí okùn inú sẹ́ẹ̀lì tí a kọ jíìnì sí, ná, kó tó dájọ́.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ tiwa níhìn-ín nìkan. Bí ẹ bá ti dárúkọ ọpọlọ nínú kíláàsì Abẹ́òkúta, ẹnì kan gbọ́dọ̀ pariwo "Aro!" Ẹ má bínú sí i. Ẹ sọ fún wọn pé Aro yẹn, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954, tí àwọn aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ìbátan wọn láàárín àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká dípò kí wọ́n tì wọ́n mọ́lé, tí òkìkí rẹ̀ sì kàn dé òkè òkun. Ẹ̀rín á rọlẹ̀. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ wọn mọ ìwọ̀n rẹ̀

Omi inú ọ̀rá kan, bó bá pé 50 cl, wúwo tó 500 g. Ọpọlọ àgbàlagbà ènìyàn ń wọ̀n tó nǹkan bíi 1,350 g. Ẹ kó ọ̀rá méjì lé ọmọ lọ́wọ́, kí ẹ da omi díẹ̀ kúrò nínú ẹ̀kẹta, kí ẹ wá fi lé e. Ti ìnàkí jẹ́ nǹkan bíi 400 g, kò tó ọ̀rá kan. Ti ọ̀bọ makáàkì, tí àwọn onímọ̀ ń lò gan-an nínú ìwádìí ọpọlọ, jẹ́ nǹkan bíi 90 g. Bí a bá pín omi ọ̀rá kan sí ọ̀nà márùn-ún, kò tó ìdá kan rẹ̀. Kí wọ́n gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ má tíì ṣàlàyé ohunkóhun.

Ọmọ tó bá gbọ́n á bi yín pé erin ńkọ́. (Erin kì í ṣe àlọ́ fún wa, ó ṣì kù ní igbó Omo nínú ìpínlẹ̀ Ògùn yìí.) Òótọ́ ni, ọpọlọ erin ju tiwa lọ fíìfíì. Suzana Herculano-Houzel, ará Brazil, ló wá ọgbọ́n sí ọ̀rọ̀ kíka sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ: ó ń sọ ọpọlọ di omi, ó sì ń ka àárín sẹ́ẹ̀lì tó kù nínú omi náà. Iye tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí fún ènìyàn ní 2009 jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 86 núróònù, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ìròyìn nínú ọpọlọ. Erin ní bílíọ̀nù 257. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jaburata ti erin, bíi 98 nínú ọgọ́rùn-ún, wà ní ọpọlọ ẹ̀yìn tó ń darí ìrìn àti ìgbésẹ̀. Èèpo ọpọlọ, ibi tí ìrònú àti èdè ń gbé, tiwa ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 16. Ti erin kò pé bílíọ̀nù mẹ́fà. Nítorí náà, kí wọ́n má fi títóbi nìkan ṣe ìwọ̀n. Ohun tí a ó máa tọ̀ lọ ni iye sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú èèpo ọpọlọ, àti bí wọ́n ṣe débẹ̀.

Àgbàdo

Bí àsìkò yín bá kéré, ẹ fo ohun mìíràn, ẹ má fo èyí.

Ẹ fi hóró kan sórí tábìlì. Hóró yìí ni sẹ́ẹ̀lì ìyá, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń wà nínú orí ọmọ inú oyún kí núróònù kankan tó wà. Ó pín, ó di méjì. Wọ́n tún pín, wọ́n di mẹ́rin. Mẹ́jọ. Kí ọmọ kan máa ka iye ìgbà, kí àwọn tó kù máa to hóró. Tó bá di ìgbà kẹwàá, hóró 1,024 ló gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì. Ariwo á ti sọ, àwọn kan á sì ti máa kó díẹ̀ sápò fún adìyẹ ilé wọn. Kò ní pẹ́ tí kóńgò yóò fi gbófo.

Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bọ́ sórí ẹ̀rọ ìṣírò inú fóònù. Kí wọ́n máa fi méjì lé e lọ́nà ìlọ́po. Ìgbà ọgbọ̀n: 1,073,741,824. Ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n: 8,589,934,592. Ìgbà mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n: 17,179,869,184. Ẹ dá wọn dúró níbẹ̀, kí ẹ bi wọ́n pé kí la ṣe láti fi kúrò ní bílíọ̀nù mẹ́jọ àti ààbọ̀ bọ́ sí mẹ́tàdínlógún. Ìgbà kan ṣoṣo la fi kún un. A kò mú ohun èlò tuntun wá, a kò yí irú sẹ́ẹ̀lì padà. A kàn jẹ́ kí ìpín kan sí i wáyé kí a tó dáwọ́ dúró.

Ẹ má purọ́ fún wọn ṣá. Nínú orí gidi, sẹ́ẹ̀lì ìyá kì í pín sí ìyá méjì títí láé. Bó bá ti yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í bí ọmọ kan tó jẹ́ núróònù, á sì ku ìyá kan. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń kú. Síbẹ̀, bí ẹranko kan ṣe ń pẹ́ sí nínú ìpele tí ìyá ń bí ìyá, bẹ́ẹ̀ ni iye tí yóò kó jọ ṣe ń pọ̀ sí.

Àwọn onímọ̀ ti fi ojú ara wọn rí èyí. Shinya Yamanaka fi hàn ní 2006 pé a lè dá sẹ́ẹ̀lì ara tó ti gbó padà sí ipò ọmọ inú oyún. Eku ló kọ́kọ́ ṣe é fún, ó sì ṣe é fún ènìyàn lọ́dún kejì. Ní 2013, Madeline Lancaster àti Jürgen Knoblich ní Vienna fi irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ gbin ọpọlọ bíńtín sínú àwo. Kò ní ìrònú, kò ní ìrora, ó kàn ń dàgbà bí ìbẹ̀rẹ̀ ọpọlọ ṣe ń dàgbà. Ní 2021, Lancaster, tó ti wà ní Cambridge, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbin ti ènìyàn, ti ìnàkí àti ti ìrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Sẹ́ẹ̀lì ìyá ti ìrò bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà di tẹ́ẹ́rẹ́ ní nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún. Ti ènìyàn dúró di nǹkan bí ọjọ́ méje. Èyí tó bá sì ti di tẹ́ẹ́rẹ́ kì í yára pín mọ́. Ẹ padà sí tábìlì àgbàdo: ọjọ́ méjì yẹn, ìpín mélòó ló lè wọ inú rẹ̀?

Jíìnì kan tó ń jẹ́ ZEB2 ni wọ́n rí nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ó tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nínú ti ìrò, ó pẹ́ díẹ̀ nínú tiwa. Wọ́n dá a dúró nínú ti ìrò, ọpọlọ inú àwo náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà bí ti ènìyàn. Wọ́n tètè jí i nínú ti ènìyàn, ó sì ṣe bí ti ìrò. Àwọn méjèèjì ló ní ZEB2. Ìgbà tí ZEB2 dìde ni kò bára mu.

Ìtòkú, àti lẹ́tà 118

Ọmọ Ẹ̀gbá tó bá ti rí aládìrẹ rí kò ní pẹ́ lóye ohun tó kàn. Aṣọ funfun kan náà, aró kan náà láti inú ìkòkò kan náà. Ibi tí aládìrẹ bá fi ìyẹ́ fa ẹ̀kọ sí, aró kò ní wọ ibẹ̀. Ibi tí kò fà á sí, aró á mu ún. Ọ̀nà yìí ni àdìrẹ ẹlẹ́kọ fi ń yàtọ̀ síra, kì í ṣe nítorí pé aró yí padà. Jíìnì ni aró yẹn. Ẹ̀kọ ni àwọn ibi kéékèèké lára DNA tó ń sọ fún jíìnì pé níhìn-ín ni kó ṣiṣẹ́, lọ́hùn-ún ni kó dákẹ́. Bí ẹ bá lè mú ọmọ dé Ìtòkú, ọjà àdìrẹ Abẹ́òkúta, lọ́jọ́ ọjà, ẹ mú wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ kọ́, àdìrẹ tó wà lára màmá wọn tó.

Mary-Claire King àti Allan Wilson ló kọ́kọ́ sọ ọ́ ní gbangba ní 1975. Wọ́n fi purotéènì (ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe láti inú ìlànà jíìnì) ti ènìyàn wé ti ìnàkí, wọ́n rí i pé wọ́n jọra kọjá bó ṣe yẹ fún ẹ̀dá méjì tí ara wọn yàtọ̀ tó báyìí, wọ́n sì ní ibi tó ń darí jíìnì ni kí a lọ wá ìyàtọ̀ náà sí. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo DNA ìnàkí tán ní 2005, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn múlẹ̀: níbi tí lẹ́tà tiwa àti tiwọn ti dojú kọra, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 1.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ nínú bílíọ̀nù mẹ́ta lẹ́tà, ó tó bíi mílíọ̀nù 35. Ìdá kékeré nínú DNA, bíi méjì nínú ọgọ́rùn-ún, ló ń sọ bí a ṣe ń ṣe purotéènì. Jíìnì irú èyí tí a ní jẹ́ nǹkan bíi 20,000.

Wàyí o, pépà àti báírò pupa. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gé pépà tẹ́ẹ́rẹ́, kó pín in sí àpótí 118. Èyí dúró fún ibì kan lára DNA tí Katherine Pollard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ní 2006, tí wọ́n sọ ní HAR1. Ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n fi pupa kun àpótí méjì péré. Iye lẹ́tà tó yàtọ̀ láàárín adìyẹ àti ìnàkí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ó lé ní mílíọ̀nù ọdún 300 tí ìran méjèèjì ti pínyà. Kí wọ́n gbé pépà kejì, kí wọ́n kun àpótí 18. Iye tó yàtọ̀ láàárín ìnàkí àti ènìyàn nìyí, láàárín mílíọ̀nù ọdún mẹ́fà sí méje. Ẹ lẹ pépà méjèèjì mọ́ ògiri. N kì í sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa ń ké. HAR1 kì í ṣe purotéènì kankan. Inú èèpo ọpọlọ ọmọ inú oyún ló ti ń ṣiṣẹ́, láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ keje sí ìkọkàndínlógún, ní àkókò tí ètò èèpo náà ń lọ lọ́wọ́.

Fóònù: ẹ ka FOXP2 fúnra yín

Ìkànnì UniProt, níbi tí wọ́n kó purotéènì oríṣiríṣi ẹ̀dá jọ sí, ni ẹ ó lọ, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ uniprot.org. Bí ẹ bá ń lo Chrome lórí fóònù, ẹ yàn "Desktop site" nínú àmì tóótòòtó mẹ́ta lókè, torí pé ojú ìwé náà máa ń há lórí fóònù kékeré. Ẹ ṣe é nílé ṣáájú, kí ẹ ya àwòrán ojú fóònù pamọ́. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kọṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àwòrán á gbà yín.

Nínú àpótí ìwádìí, ẹ tẹ FOXP2, orúkọ jíìnì kan tó kan ọ̀rọ̀ sísọ. Orúkọ á pọ̀ lọ súà. Àwọn tí ẹ ń wá ni FOXP2_HUMAN, FOXP2_PANTR tó jẹ́ ti ìnàkí, FOXP2_GORGO tó jẹ́ ti ìrò, FOXP2_MACMU tó jẹ́ ti makáàkì, àti FOXP2_MOUSE tó jẹ́ ti eku. Bí ẹ kò bá rí ọ̀kan, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹ máàkì àpótí ẹ̀gbẹ́ wọn, kí ẹ tẹ "Align", kí ẹ dúró díẹ̀. Yóò to purotéènì márààrún sábẹ́ ara wọn, lẹ́tà sí lẹ́tà. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún ámínò ásíìdì kan, ìyẹn ẹyọ tí a fi to purotéènì. Tiwa ní 715.

Ẹ kìlọ̀ nípa ohun kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìyàtọ̀. Ibì kan wà tí Q tò gbọọrọ, QQQQQQQ. Iye Q yẹn máa ń yàtọ̀ díẹ̀ láti ẹ̀dá dé ẹ̀dá, ẹ ó sì rí àmì fàlà níbi tí ẹnì kan kò ti ní i. Ẹ fo ibẹ̀. Òun náà ló lè mú kí nọ́mbà sún síwájú tàbí sẹ́yìn díẹ̀ lára ẹranko kan, nítorí náà nọ́mbà ti ènìyàn ni kí ẹ máa tẹ̀lé.

Ẹ pín wọn sí méjì-méjì, kí ẹ ní: ẹ wá ibi tí ènìyàn ti yàtọ̀ sí ìnàkí. Á gbà wọ́n lásìkò, ẹ jẹ́ kó gbà wọ́n. Ìyàtọ̀ méjì ni wọ́n máa rí. Ní 303, ìnàkí ní T, àwa ní N. Ní 325, ìnàkí ní N, àwa ní S. Ó tán. Ẹ wá ní kí wọ́n fi ìnàkí wé ìrò àti makáàkì: yàtọ̀ sí ti Q, kò sí ìyàtọ̀. Kí wọ́n fi ìnàkí wé eku: ẹyọ kan. Láti orí eku dé orí ìnàkí, ẹyọ kan péré ló yí padà. Láti orí ìnàkí dé orí wa, méjì. Wolfgang Enard àti Svante Pääbo pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ló tẹ èyí jáde ní 2002, ọmọ SS2 sì lè rí i lórí fóònù màmá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú wọn lọ sí 553. R ló wà níbẹ̀, lára gbogbo wọn. Ìdílé kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí àwọn onímọ̀ ń pè ní KE. Ìran mẹ́ta ni, bí ìdajì wọn kò sì lè tún ẹnu ṣe láti sọ̀rọ̀ já gaara. Gbólóhùn pàápàá máa ń dà rú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní 2001, Cecilia Lai, Simon Fisher, Anthony Monaco àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí ìdí rẹ̀: lẹ́tà DNA kan ṣoṣo ló yí padà, R tó wà ní 553 sì di H. Ibi tí eku kò yí padà, tí ọ̀bọ kò yí padà, ibẹ̀ ló yí padà nínú ìdílé yẹn. Kò sí ọmọ tí mo ti fi èyí hàn tí kò sún mọ́ fóònù láti wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibi tí ọ̀pọ̀ tíṣà ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á wá pe FOXP2 ní jíìnì èdè. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jí àwọn jíìnì mìíràn àti láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́, nínú ọpọlọ, nínú ẹ̀dọ̀fóró pàápàá. Ẹyẹ náà ní tirẹ̀: ní 2007, wọ́n dín in kù nínú ọpọlọ ẹyẹ olórin kan, ẹyẹ náà kò sì lè kọ́ orin baba rẹ̀ dáadáa. Lọ́dún kan náà, wọ́n rí i pé àwọn Neanderthal, irú ènìyàn àtijọ́ kan tó ti pa run, ní N àti S méjì yẹn bíi tiwa. Nígbà tó di 2018, ìwádìí lára DNA ènìyàn láti ibi púpọ̀ lágbàáyé kò rí àmì pé àyípadà FOXP2 ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àárín wa kọjá bí a ṣe rò tẹ́lẹ̀. Jíìnì náà ṣe pàtàkì. Òun nìkan kọ́ ló gbé ọ̀rọ̀ sí wa lẹ́nu.

Jíìnì tó ní ẹ̀dà

Apá yìí kò le. Ìdajì wákàtí tó. Nígbà mìíràn, bí DNA bá ń ṣe àdàkọ ara rẹ̀, á ṣe odidi jíìnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Èyí àkọ́kọ́ á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ̀dà kejì á ráyè yí padà. Mẹ́ta ni kí ẹ mẹ́nu bà.

ARHGAP11B: ó yọ lára jíìnì àgbà kan ní nǹkan bíi mílíọ̀nù ọdún márùn-ún sẹ́yìn, lẹ́yìn tí àwa àti ìnàkí ti pínyà, nítorí náà ìnàkí kò ní i. Marta Florio àti Wieland Huttner ní Dresden, Jámánì, fi sínú ọpọlọ eku inú oyún ní 2015. Sẹ́ẹ̀lì ìyá pọ̀ sí i, èèpo ọpọlọ tó máa ń dán lórí eku sì ká jọ níbì kan. Ní 2020, àwọn ará Jámánì àti Japan fi sínú mámósẹ́ẹ̀tì, ọ̀bọ kékeré kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà, èèpo ọpọlọ rẹ̀ sì tóbi sí i. Wọn kò jẹ́ kí a bí àwọn ọmọ náà, torí pé ẹnikẹ́ni kò lè sọ irú ìwà tí wọn yóò hù. Àwọn ọmọ mi máa ń jiyàn lórí èyí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ fún wọn láyè.

NOTCH2NL: 2018 ni àwọn ẹgbẹ́ méjì tẹ̀ ẹ́ jáde pọ̀. Ó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ìyá pẹ́ ní ipò ìyá. Orí kùrómósóòmù kìíní (kùrómósóòmù ni ibi tí DNA ká jọ sí nínú sẹ́ẹ̀lì) ló wà, níbi tó jẹ́ pé bí apá kan bá já kúrò, orí ọmọ lè kéré. Bó bá sì jẹ́ ìlọ́po, orí lè tóbi jù.

SRGAP2C kò kan iye sẹ́ẹ̀lì. Ó ń mú kí ojú ibi tí núróònù ti ń so mọ́ ara wọn pẹ́ kó tó gbó, kó sì pọ̀ sí i. Ẹ so èyí mọ́ ohun tí wọ́n ti fi ọwọ́ kàn nílé: àwùjẹ̀ ọmọ tuntun tó ń mì. Bí a bá bí ọmọ wa, ọpọlọ rẹ̀ kì í tó ìdá mẹ́ta ti àgbàlagbà. Ti ọmọ ìnàkí máa ń tó bí ìdá méjì nínú márùn-ún. Ìyókù tiwa, lóde ló ti ń dàgbà, níbi tí à ń bá a sọ̀rọ̀, tí à ń kọrin fún un, tí à ń pọ̀n ọ́n.

Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó wọlé

Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ ASPM, òmíràn MCPH1. Bí wọ́n bá bàjẹ́, ọpọlọ ọmọ lè kéré gan-an. Ní 2005, àwọn kan tẹ̀ ẹ́ jáde pé oríṣi kan lára wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbilẹ̀, ó sì pọ̀ ní Yúróòpù àti Éṣíà ju Áfíríkà lọ. Ẹ mọ ohun tí àwọn ènìyàn fi ìyẹn ṣe: láti sọ pé ọmọ dúdú kò gbọ́n tó àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ẹni tó ní oríṣi náà kò ní ọpọlọ tó tóbi ju ti ẹni tí kò ní i, kò sì gbọ́n jù ú. Ẹ sọ ọ́ fún wọn kedere, nítorí ọmọ dúdú tó bá ń ka íntánẹ́ẹ̀tì máa bá ìdajì àkọ́kọ́ ìtàn yìí pàdé lọ́jọ́ kan, kò sì dájú pé ó máa bá ìdajì kejì pàdé. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ọmọ olórí kékeré kan bá wà ládùúgbò, ẹ má fi ṣe àpẹẹrẹ. Ojú ìyá rẹ̀ ń bẹ lára yín.

Bí owó ọkọ̀ bá wà

Ọgbà ẹranko kan wà nínú FUNAAB, ní ọ̀nà Alábàtà. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, kí ẹ wá nǹkan fi bomi sí ọ̀fun. Níwájú àgọ́ ọ̀bọ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ju ẹ̀pà sí i, ẹ fún wọn níṣẹ́: kí wọ́n wo bí ojú méjèèjì ṣe dojú kọ iwájú, kí wọ́n wo èékánná pẹlẹbẹ, kí wọ́n wo àtàǹpàkò. Ẹ bi wọ́n bí ọ̀bọ ṣe ń mọ èso pípọ́n láàárín ewé. Jíìnì kan tó wà lórí kùrómósóòmù X ṣe ẹ̀dà ara rẹ̀ lára baba ńlá àwa àti àwọn ọ̀bọ ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà. Láti ìgbà náà la ti ń rí pupa yàtọ̀ sí ewéko. Nítorí pé orí X ló wà, ọkùnrin tí kò ní ju X kan lọ ni àìmọ àwọ̀ pupa yàtọ̀ sí ewéko ń dà láàmú jù. Ọmọ kan máa ń yọ nínú kíláàsì tó jẹ́ pé ọjọ́ yẹn ló mọ̀ pé òun wà lára wọn.

Ìbéèrè tí mo máa ń fi parí

Mẹ́ta ni, kí wọ́n ṣe é nílé. Àkọ́kọ́: bí sẹ́ẹ̀lì ìyá ẹranko kan bá pín nígbà 31 kó tó dúró, tí ti ẹranko kejì pín nígbà 33, ìlọ́po mélòó ni èkejì fi ju ti àkọ́kọ́ lọ? Èkejì: kí ló dé tí lẹ́tà 18 inú HAR1 fi ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu, nígbà tó jẹ́ pé mílíọ̀nù 35 lẹ́tà ló yàtọ̀ lápapọ̀? Ẹ̀kẹta: bí a bá fún mámósẹ́ẹ̀tì ní ARHGAP11B, ṣé yóò sọ̀rọ̀?

Fún àkọ́kọ́, ìlọ́po mẹ́rin gba máàkì kan, àlàyé bó ṣe dé ibẹ̀ gba méjì. Fún èkejì, ẹni tí kò bá mẹ́nu kan adìyẹ kò gba ju ìdajì lọ. Fún ẹ̀kẹta, "rárá" nìkan kò gba ohunkóhun; mò ń wá ẹni tó máa sọ pé sẹ́ẹ̀lì tó pọ̀ sí i kò tíì ní ìsopọ̀, kò tíì ní ọ̀fun tó yẹ, kò tíì ní ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì kọ "jíìnì èdè" níbikíbi nínú ìwé rẹ̀, mo ń yọ máàkì kan.